Ọdún Tí Wọ́n Ní Ilé Ṣófo

Bí ẹnìkan bá fún mi ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kejì ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Ìyá mi máa ń sọ pé nígbà tí mo dé ayé, mo wo agbẹ̀bí láti òkè dé ilẹ̀ kí n tó ké. Nítorí náà, nígbà tí mo dé Peckham, tí Alhaji Ràímì ní kí n máa gbé nínú yàrá kékeré tó wà lókè ilé òun títí n ó fi rí ẹsẹ̀ walẹ̀, oorun ò kùn mí dáadáa. Ará ìlú wa ni Alhaji, ṣùgbọ́n a ò bá ara wa tan. Mo ń ronú ohun tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi.

Kò sí ohun tí mi ò fura sí nígbà náà. Mo fura sí Rye Lane fúnra rẹ̀. Mo ti sọ fún gbogbo èèyàn pé ìlú òyìnbó ni mò ń lọ, mo wá bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni iṣu, pọ̀nmọ́, àti ọkùnrin kan tó ń pariwo lórí fóònù pé, "Má dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀ mọ́." Mo ní àbí ṣe ni wọ́n kàn gbé mi yípo lójú ọ̀run, tí wọ́n tún sọ̀ mí kalẹ̀ sẹ́yìnkùlé wa? Mo fura sí òyìnbó tó ń sọ "sorry" nígbà tó jẹ́ pé èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Èyí tó burú jù ni ẹ̀rín àwọn aládùúgbò. Wọn ò ní kí ọ, wọn ò ní béèrè ilé, wọ́n á kàn rẹ́rìn-ín sí ọ, ẹ̀rín náà á sì ti tán kí wọ́n tó kọjá lára rẹ. Nílé wa, ẹni tó bá rẹ́rìn-ín sí ọ láìkí ọ, ó mọ nǹkan kan nípa rẹ tí ìwọ alára ò tíì mọ̀.

Bermondsey ni mo ti rí iṣẹ́, ní ilé ìfọṣọ ńlá kan tí wọ́n ti ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn òtẹ́ẹ̀lì. Èmi ni mò ń kó aṣọ tútù jáde nínú ẹ̀rọ kan sínú òmíràn tó ń gbẹ ẹ́. Ooru ibẹ̀ máa ń jẹ́ kéèyàn gbàgbé pé òtútù ń bẹ níta, títí wàá fi ṣílẹ̀kùn. Ọ̀gá tó ń bójú tó wa kì í pe orúkọ mi. "My friend" ló ń pè mí, èmi àti ẹ̀ sì mọ̀ pé kò sí ọ̀rẹ́ kankan láàárín wa. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ pe orúkọ mi, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pè é bó ṣe yẹ, mo rìn lọ sí ibùdókọ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè. Àwọn nǹkan kéékèèké bẹ́ẹ̀ ló ń gbé mi ró. Mo mọ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ̀rọ bọ́ọ̀sì sọ láìbi ẹnikẹ́ni léèrè.

Ṣùgbọ́n ìdánìkanwà kò gbọ́ ti ìyẹn. Ó máa ń dé lọ́sàn-án Sunday, tí gbogbo ilé bá dákẹ́ tí òjò sì ń ṣe wínníwínní. Ìgbà yẹn ni mo máa ń pe bàbá mi. Wolé-wolé ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n máa ń bi mí. Ṣé o ti jẹun? Ṣé òtútù ò mú ọ? Ṣé ẹ ti na àwọn ará Odò?

Ẹni tí kì í ṣe ará ìlú wa kò ní mọ ohun tí ìbéèrè kẹta yẹn wúwo tó. Kọ́lẹ́ẹ̀jì méjì ló wà nílùú wa. Àwọn mùsùlùmí ló kọ́ ti Òkè, àwọn ìjọ onígbàgbọ́ ló kọ́ ti Odò. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń pàdé lórí pápá, kò sì sí ohun tó tún mú ìlú gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ ọkùnrin kan tí àwọn àna rẹ̀ gbà pé kó ṣe ẹ̀sìn tó wù ú, ṣùgbọ́n tí wọn ò lè fara mọ́ ọn pé Kọ́lẹ́ẹ̀jì Odò ló lọ. Àwọn tó rékọjá òkun kò sì fi ìjà náà sílẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ìlú òyìnbó lọ́dọọdún, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ Òkè àti ti Odò tó wà ní South London máa ń gbá bọ́ọ̀lù ní Burgess Park, wọ́n sì ń ka èyí náà mọ́ ti ilé.

Kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n máa ń ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní Kíka Ìyà. Ẹnìkan láti ìhà kọ̀ọ̀kan á bọ́ sí àárín pápá, á sì máa pe ọdún kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀, ta ló na ta, báwo ló ṣe nà án. Ẹnu ni wọ́n fi ń kà á. Ẹni tó bá mú ìwé dání, wọ́n á ní ó dájú pé ìlú mìíràn ni ìyá rẹ̀ ti wá. Wọn kì í ka ọ̀mì, nítorí ọ̀mì kò dun ẹnikẹ́ni.

Nínú kíkà ti àwa ará Òkè, a ti nà wọ́n nígbà mọ́kàndínlógún, àwọn náà ti nà wá nígbà méjìdínlógún. Nínú kíkà tiwọn, mọ́kàndínlógún sí mọ́kàndínlógún ni. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló dá gbogbo ìjà yìí sílẹ̀, nígbà tí àwọn bàbá wa ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé lọ sílé ìwé.

Parlour Alhaji ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ bí àwọn ará Peckham ṣe ń sọ ọ́. Ọ̀sán Saturday kan ni, àwọn àgbà Òkè mélòó kan wá, mò ń gbé tíì fún wọn. Alhaji ni balógun ikọ̀ wa lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún.

"Nobody had scored," ni Alhaji wí. "Ìpè Alásárì wá dún. Mo nawọ́ sí rẹfirí, ó mirí sí mi. Gbogbo wa bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, a kírun. Kí a tó sálámà tán, àwọn olè yìí ti gbá bọ́ọ̀lù wọlé! Rẹfirí fọn fèrè, time up. Ṣé ìyẹn ni win?"

"Àwọn ará Odò ní aṣọ́lé wà níbẹ̀," ni ẹnìkan sọ.

"Aṣọ́lé wo? Ilé ṣófo. Kò sí ẹ̀dá alààyè kankan níbẹ̀."

Gbogbo wọn dáhùn pa pọ̀ pé ilé ṣófo. Díẹ̀ ló kù kí tíì dà sí mi lẹ́sẹ̀.

Bàbá mi ni aṣọ́lé ọjọ́ náà. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ ọ́ fún wa nínú ilé. Ọ̀dọ̀ ìyá wọn àgbà ni wọ́n ti dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ní ìlú tó jìnnà. Gẹ́gẹ́ bí arìnrìn-àjò, wọ́n ti kí Àìlà, ìrun ọ̀sán, pọ̀ mọ́ Alásárì lójú ọ̀nà, bí ẹ̀sìn ṣe yọ̀ǹda. Nítorí náà, nígbà tí àwọn yòókù lọ kírun, wọn kò jẹ Ọlọ́run ní gbèsè kankan, wọ́n dúró sójú ilé. Àwọn ọmọ Odò ya bò wọ́n. Bàbá mi mú ti àkọ́kọ́, wọ́n mú ti ìkejì, wọ́n mú ti ìkẹta. Ìkẹrin ló wọlé. Ayọ̀ ti mẹ́ta tí wọ́n mú pọ̀ lójú wọn ju ìtìjú ẹyọ kan tó wọlé lọ.

Wàyí o, ohun tó wà nílẹ̀ yé mi. Bí ilé bá ṣófo, olè ni àwọn ará Odò, bọ́ọ̀lù yẹn ò ní iye, àwa la ṣíwájú. Bí aṣọ́lé bá wà níbẹ̀, ìdíje ń lọ lọ́wọ́ nìyẹn, gólì wọn di gólì, a sì dọ́gba. Kí àwa lè máa ṣíwájú, bàbá mi kò gbọdọ̀ sí láyé lọ́jọ́ náà.

Mo fura sí Alhaji lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo ní àṣé ọkùnrin tí mò ń jẹ oúnjẹ rẹ̀ ló fi òfo rọ́pò bàbá mi. Àmọ́ nígbà tó yá, ìfura náà yí ojú sílé, ó wá dun mí. Ìfura loògùn àgbà, wọ́n ń wí, ṣùgbọ́n oògùn tí ẹnìkan bá mu yó máa ń ṣe é léṣe. Nínú àwọn ará Òkè, ta ló gbọ́ ìtàn aṣọ́lé yìí rí yàtọ̀ sí àwa ọmọ? Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ pọ̀, bàbá mi sì jẹ́ ẹnìkan. Bàbá wo ni kì í fi iyọ̀ díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ìgbà èwe rẹ̀?

Kàdíjà, ọmọ Alhaji tí wọ́n bí sí Peckham, tó wà ní yunifásítì, bá mi nínú kíṣìnì níbi tí mo ti dúró tí mò ń wo omi tó ti hó tán. Mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún un.

"Uncle, it's not that deep," ló wí. "Ẹ kàn call Grandpa, ẹ ask them. Why are you moving mad?"

"Ṣé bàbá rẹ lè parọ́?"

Ó rò ó díẹ̀. "My dad? About football? Hundred percent."

Mo pe bàbá mi. Lẹ́yìn tí mo ti jẹun, tí òtútù ò sì mú mi, mo sọ ohun tí mo gbọ́.

"Ta ló ń sọ ọ́?" ni wọ́n béèrè.

"Alhaji Ràímì."

"Ṣé ara Ràímì le?"

"Ó le, sà. Bàbá, ṣé ẹ wà nílé lọ́jọ́ yẹn?"

"Bí Ràímì bá ní ilé ṣófo, ilé ṣófo náà nìyẹn." Wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ wo ibi tí òjò ti ń jò wọlé. Kò sí òjò kankan tó ń jò, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni nílé.

Ọ̀rọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Mo ro ara mi pin nínú yàrá náà. Èèyàn tó wà nílé lè pàdánù ìtàn kan kó tún fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ lójú títì. Ẹni tó wà nílẹ̀ òkèèrè, ìwọ̀nba èyí tó kó wá náà ni. Nígbà tí "my friend" bá ń bú mi ní ibi iṣẹ́, ohun tí mo máa ń sọ nínú mi ni pé ọmọ ẹni tó dá dúró níwájú mọ́kànlá ni mí. Bí ẹni yẹn ò bá dúró rí, ọmọ ta wá ni mí ní Bermondsey?

Ẹnìkan ṣoṣo ló kù tí mo lè bi. Ọ̀gbẹ́ni Fálọlá ló máa ń ka ìyà fún àwọn ará Odò, wọ́n sì wà lára àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, Forest Hill ni wọ́n ń gbé. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún mi, wọn ò sì tíì ní kí n wọlé.

"Ta ló rán ọ wá?" ni wọ́n bi mí.

"Kò sẹ́ni tó rán mi, sà."

"Ará Òkè kan wá sílé mi, kò sẹ́ni tó rán an." Wọ́n wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹlòmíràn sá pamọ́ síbẹ̀. Inú mi dùn díẹ̀, mo rí i pé kì í ṣe èmi nìkan ni wọ́n bí bẹ́ẹ̀.

Mo ní mo fẹ́ mọ ẹni tó wà nílé lọ́jọ́ náà. Mi ò sọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Wọ́n jẹ́ kí n jókòó.

"Mo ti ń sọ ọ́ for years, wọ́n ní mò ń parọ́ torí èmi ni win náà máa ṣe láǹfààní. Ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni. Mùsílíù. Mo sún mọ́ ọn gan-an, mo gbá bọ́ọ̀lù with everything, ọmọ yìí fi ọwọ́ òsì gbá a jáde. Ìka rẹ̀ tó kéré jù yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo rí i. Mo rò pé yóò jókòó sílẹ̀ sunkún. Ó fi eyín di kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ mú, ó tún dìde. Láti ìgbà tí a ti jáde ilé ìwé, mi ò rí i mọ́."

Ẹlẹ́rìí mi kan ṣoṣo ni ẹni tí ẹ̀rí náà máa ṣe láǹfààní. Lọ́jọ́ mìíràn, ìyẹn nìkan tó láti mú mi dìde kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Mùsílíù lorúkọ bàbá mi, ìka wọn tó kéré jù lọ́wọ́ òsì, ẹ̀gbẹ́ ló kọjú sí títí dòní. Bí wọ́n bá ń juwọ́ sí ọ, ìka yẹn kì í bá wọn jù ú. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí ní London. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Fálọlá, mo sì sunkún díẹ̀ nínú tréènì, mo sì yíjú sí fèrèsé kí ẹnikẹ́ni má bàa rẹ́rìn-ín sí mi.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni Alhaji pè mí lẹ́yìn ìrun ní mọ́sálásí. Ó ní ohùn òun ti lọ, èmi ni n ó ka ìyà fún Òkè lọ́dún yìí.

Mo wo ojú rẹ̀, mi ò rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Bí mo bá kà á bí wọ́n ṣe ń kà á, èmi ọmọ rẹ̀ ni n ó fi ẹnu ara mi lé bàbá mi kúrò lójú ilé. Bí mo bá kà á bó ṣe rí, n ó gba ipò iwájú lọ́wọ́ àwọn èèyàn mi kan ṣoṣo nílùú yìí, àwọn tó fún mi ní yàrá, tó mú mi débi iṣẹ́, tó ń kí mi kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín. Mo ronú láti sọ pé mo ní shift lọ́jọ́ náà. Àmọ́ Alhaji ti bi Kàdíjà léèrè ọjọ́ tí ọwọ́ mi dilẹ̀.

Ọjọ́ náà dé, oòrùn ràn, èyí tó tún jẹ́ ohun ìfura nílùú yìí. Àwọn ọmọdé ń sáré kiri, àwọn ìyá ti tẹ́ ẹní sábẹ́ igi. Ọ̀gbẹ́ni Fálọlá kọ́kọ́ ka tiwọn, àwọn tiwa pariwo níbi tó yẹ kí wọ́n pariwo sí. Ó wá kàn mí. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọdún àkọ́kọ́. Mo dé ọdún náà. Àwọn ará Òkè ti múra láti bá mi dáhùn.

"Lọ́dún náà," ni mo wí, "ìpè Alásárì dún, àwọn tiwa lọ kírun. Mùsílíù Àjàdí kò lọ. Arìnrìn-àjò ni, ó ti kí tirẹ̀ pọ̀. Òun ló wà nílé. Ó mú mẹ́ta, ìkẹrin wọlé. Wọ́n nà wá."

Àwọn ará Odò pàápàá ò yọ̀, wọ́n rò pé ọgbọ́n kan wà ńbẹ̀. Ẹnìkan lẹ́yìn mi ní, "Wọ́n ti rà á." Ìyá kan ní, "Ọmọ ẹni kò ní ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn." Mo fẹ́ sọ fún wọn pé bàbá mi ni mò ń fi ìlẹ̀kẹ̀ sí nídìí, ṣùgbọ́n Alhaji ti dìde.

Alhaji bọ́ sí àárín pápá. Mo ti ń di ẹrù mi nínú ọkàn.

"Ó wà níbẹ̀," ni Alhaji wí. "Mo rí i nígbà tí mo sálámà sápá òsì. Ṣé ẹ rántí principal wa? Ọmọ tó bá pa ìrun Alásárì jẹ, expulsion. Ta ló máa jẹ́rìí fún Mùsílíù pé ó ti kírun lọ́nà? Mo sá lọ bá principal kí ẹlòmíràn tó débẹ̀, mo ní gbogbo wa la jọ kírun, ilé ṣófo. Mo bẹ Mùsílíù pé kó má sọ ọ́ níta láéláé. Ó gbà." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀. "Principal kú. Ó yẹ kí n sọ ọ́ nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n àwa là ń ṣíwájú, ó sì dùn mọ́ wa. Ọmọ rẹ̀ ti wà nínú ilé mi láti ọdún tó kọjá, mi ò lè wò ó lójú kí n sọ ọ́. That's why mo ní kó wá kà á."

Ọ̀gbẹ́ni Fálọlá ṣí fìlà. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ọwọ́ òsì mi, bí ẹni pé àwọn ọmọ máa ń jogún ìyẹn náà.

Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù nígbẹ̀yìn. Ọ̀mì ni. Àwọn kan nínú àwọn tiwa kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi tú ká, mo sì mọ̀ pé àwọn mìíràn ò ní bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mo bọ́ sábẹ́ igi kan, mo pe bàbá mi, mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn.

"O sọ ọ́ níta," ni wọ́n wí.

"Mo sọ ọ́, sà."

"Ta ní kó o sọ ọ́? Nínú ilé mi nìkan ni mo ti ń sọ ọ́, mo bá Ràímì ṣe àdéhùn." Ohùn wọn le. "Àwa àti àwọn ará Odò ti wá dọ́gba báyìí?"

"A ti dọ́gba, sà."

"Mo ti pa á mọ́ láti ìgbà tí mi ò tíì nírùngbọ̀n, ìwọ wá lọ dà á nù ní London." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Kí ni Ràímì sọ?"

"Ó ní ẹ wà níbẹ̀."

"Níwájú àwọn ará Odò?"

"Níwájú gbogbo wọn. Ó pè yín lórúkọ. Ó ní òun fi ojú òun rí yín."

Fóònù dákẹ́. Mo gbé e kúrò létí, mo wò ó, mo fura sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

"Ẹ̀lóò? Bàbá? Ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀," ni wọ́n dáhùn, ohùn wọn ti yí padà. "Tún un sọ."